Ilé Wa Lórí Táyà: Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta Àkọ́kọ́ Wa ní Ilẹ̀ Rẹ́mọ

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ènìyàn ń bi wá láti ìgbà tí a ti ta ilé wa. Àwọn kan ń bi wá ní gbangba, àwọn mìíràn sì ń fi ojú bi wá. Ìbéèrè náà ni pé: "Kí ló dé tí ẹ fi ta ilé tí ẹ fi òógùn yín kọ́, tí ẹ wá ń gbé inú mọ́tò kiri bí ẹni tí kò ní ìran?" A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ni yóò fẹ́ bi wá bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti rí gan-an, ibi tí ó dùn àti ibi tí ó korò.

BÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ ṢE BẸ̀RẸ̀

Ní 1984 ni a ra ilẹ̀ ní Kétu, ní Èkó. Ọdún márùn-ún ni a fi kọ́ ilé náà díẹ̀díẹ̀, a sì kó wọ inú rẹ̀ ní 1989 nígbà tí a kò tíì fi fèrèsé sí yàrá méjì. Ilé yàrá méje ni. Ibẹ̀ ni a ti tọ́ ọmọ mẹ́rin. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ dàgbà, wọ́n ṣe ìgbéyàwó, wọ́n sì tú ká: ọ̀kan ní Ìbàdàn, ọ̀kan ní Àbújá, méjì ní ìlú òyìnbó. Àwa méjì péré ló kù nínú yàrá méje, márùn-ún nínú wọn sì wà ní títì láti oṣù dé oṣù. Bí òjò bá rọ̀, ọ̀gbàrá a wọlé. Bí iná bá lọ, owó ìfẹ̀yìntì wa kò ká epo jẹnẹrétọ̀ mọ́.

Lẹ́yìn náà ni àìsàn dé. Ní 2022, ọkọ nínú wa dùbúlẹ̀ fún oṣù mẹ́rin. Olúwa gbé e dìde, ọpẹ́ ni fún Un, ṣùgbọ́n gbogbo owó tí a tọ́jú pamọ́ tán, a sì jẹ gbèsè lé e. Nígbà tí ara rẹ̀ ń yá bọ̀, ọ̀rọ̀ kan ni ó ń sọ lójoojúmọ́: "Ìyá àwọn ọmọ, ó lé ní ogójì ọdún tí mo ti wà ní Èkó. N kò tíì rí ilẹ̀ Rẹ́mọ tí wọ́n bí bàbá mi sí dáadáa, àfi ká lọ sìnkú, ká sì padà lọ́jọ́ kejì."

A gbàdúrà sí i, a gba ìmọ̀ràn, a sì ta ilé náà ní September 2023. Ọ̀nà mẹ́ta ni a pín owó rẹ̀ sí. A fi apá kan san gbèsè. Apá kejì, tí ó pọ̀ jù lọ, ni a fi ra ilẹ̀ kékeré kan ní ẹ̀yìn Ṣàgámù, a sì fi ìyókù rẹ̀ sí bánkì fún yàrá méjì tí a ó kọ́ síbẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ kò bá gba ìrìn mọ́. Apá kẹta, tí ó kéré jù, ni a fi ra bọ́ọ̀sì.

Àkọ́bí wa obìnrin, èyí tí ó wà ní Ìbàdàn, kò fara mọ́ ọn rárá. Ó ní inú ilé yẹn ni òun ti mọ ojú ayé, pé ńṣe ni a sọ fún òun, a kò bi òun. Láti ọjọ́ tí a ti fọwọ́ sí ìwé ni kò ti pè wá lórí fóònù mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

ỌKỌ̀ TÍ Ó DI ILÉ

Ní ilẹ̀ òyìnbó, irú nǹkan báyìí kì í ṣe tuntun. Láti bí 1951 ni ilé iṣẹ́ Westfalia ní Jámánì ti ń fi bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù sínú bọ́ọ̀sì Volkswagen, irú bọ́ọ̀sì kan náà tí àwa ní Èkó sọ di dánfó. Ibi tí wọ́n ti rí yàrá, àwa rí ìjókòó èrò! Nígbà tí a lọ kí ọmọ wa ní London ní 2018, a rí tọkọtaya arúgbó kan tí wọ́n gbé ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sí etí òkun, wọ́n ń mu tíì lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀. Àwòrán yẹn kò kúrò lójú wa.

Àwa Yorùbá náà sì ní arìnrìn-àjò tiwa. Ta ni kò tíì gbọ́ nípa Ọlábísí Àjàlá, ẹni tí ó gun alùpùpù Vespa káàkiri ayé, tí ìwé tí ó kọ nípa rẹ̀ sì jáde ní 1963? Nígbà tí àwa gan-an wà lórí ìrìn, ọmọbìnrin wa kan, Pelumi Nubi, ń bọ̀ láti London. Òun nìkan ló wà nínú mọ́tò Peugeot kékeré kan. Ó gbéra ní January 30, 2024, ó sì wọ Èkó ní April 7. Nígbà tí a gbọ́ ìròyìn rẹ̀, ìyàwó nínú wa rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bí ọmọdé bá lè wa mọ́tò gba aṣálẹ̀ kọjá, kí ni Ìkẹ́nnẹ́ tí a kò ní lè dé?"

Toyota Hiace tokunbọ̀ ni a rà. Káfíńtà yọ àwọn ìjókòó ẹ̀yìn, ó fi pákó kan bẹ́ẹ̀dì sí i, ó sì ṣe àpótí sábẹ́ rẹ̀ fún aṣọ, ìkòkò àti gaàrí. A gbé kẹ́ẹ̀gì omi méjì sí ẹ̀yìn, sítóòfù gáàsì kékeré kan, fáànù kan tí ń lo bátìrì, àti páànẹ́lì sólà kan lórí òrùlé. A ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sí gbogbo fèrèsé. Ní ti ilé ìyàgbẹ́, ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín, garawa onídèérí ni, pẹ̀lú kọ́tìnì.

ÒRU ÀKỌ́KỌ́ NÍ ÒGÈRÈ

Ọjọ́bọ̀ kan ní February 2024 ni a gbéra. Ṣàgámù ni a fẹ́ sùn. Ṣùgbọ́n họ́ọ̀dù ọkọ̀ mú wa ní òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ṣí ní 1978, ilẹ̀ sì ṣú bá wa. Nínú òkùnkùn a kọjá oríta Ṣàgámù láìmọ̀, a sì bá ara wa ní Ògèrè, níbi tí wọ́n ti ń gba owó ibodè láyé ọjọ́un, tí àwọn tírélà máa ń tò sí lọ súà.

A rí àlàfo láàrin ọkọ̀ ńlá méjì, a wọ̀ ọ́. Ebi ń pa wá. Ọkọ nínú wa tan gáàsì kí a lè rí omi gbígbóná tẹ ẹ̀bà. Kò pẹ́ tí ẹnìkan fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ara ọkọ̀ wa. Awakọ̀ kan ni, bàbá Hausa onírùngbọ̀n funfun. Ó ní, "Bàbá, ẹ pa iná! Ẹ pa iná! Epo ló wà nínú èyí." Àṣé ọkọ̀ agbépo ni èyí tí ó wà lápá ọ̀tún wa! Àwa tí a kàwé, tí ọ̀kan nínú wa fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ènìyàn, a kò wo ẹ̀gbẹ́ wa kí a tó ṣáná. Bàbá náà kò bú wa. Ó dúró tì wá títí a fi gbé ọkọ̀ wa lọ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tí ó ń ta oúnjẹ lábẹ́ iná, ó sì bá wa bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí a sùn síbẹ̀.

Ká má purọ́, a kò sùn. Ẹ́ńjìnnì ń kùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Ooru mú wa, nítorí ẹ̀rù kò jẹ́ kí a ṣí fèrèsé. Ìyàwó nínú wa sunkún lóru náà. Ọkọ gbọ́ ọ, ó ṣe bí ẹni tí ó sùn, nítorí kò mọ ohun tí òun yóò sọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a wọ inú ìlú Ògèrè fúnra rẹ̀, a sì rí i pé ìlú tí ó tòrò ni. Ìlú Josiah Ositelu ni, ẹni tí ó dá Ìjọ Olúwa Aládùúrà sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1930, ọdún kan náà tí iná ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń jó ní Iléṣà. A ra àkàrà àti ògì gbígbóná, a jókòó sí ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀ wa bí àwọn arúgbó òyìnbó yẹn. Ìyàwó ní, "Ó dára, ẹ jẹ́ ká tún dán an wò lóru kan sí i."

ṢÀGÁMÙ, ÌLÚ ÀWỌN TÍ Ó FI ILÉ SÍLẸ̀

Ní Ṣàgámù, olùṣọ́-àgùntàn kan gbà wá láyè láti gbé ọkọ̀ wa sí ọgbà ilé ìjọsìn rẹ̀. Ó ní kí a wá sùn nínú yàrá àlejò, a dúpẹ́, a ní ilé wa kò jìnnà, ó wà lẹ́yìn wa níbẹ̀ yẹn. Ó rẹ́rìn-ín títí.

Ọjọ́ márùn-ún ni a lò níbẹ̀, ohun tí a sì kọ́ níbẹ̀ ni ó tù wá nínú jù lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìlú kan ṣoṣo ni Ṣàgámù láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlú mẹ́tàlá ni wọ́n, tí olúkúlùkù wà ní àyè tirẹ̀: Òfin, Mákùn, Ìjọ̀kùn, Ìjàgbà àti àwọn yòókù. Ayé ogun ni ayé ìgbà náà, ìlú kékeré kò lè dá dúró. Ní 1872 ni wọ́n pa ìmọ̀ pọ̀, wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n fi ilé àti oko sílẹ̀, wọ́n sì wá tẹ̀dó pọ̀ sí ojú kan. Títí di òní, olúkúlùkù wọn ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní àdúgbò tirẹ̀. Òfin ni ààfin Akárìgbò wà, ẹni tí ó jẹ́ olórí ọba ní gbogbo Rẹ́mọ.

Lálẹ́ ọjọ́ tí bàbá àgbàlagbà kan ṣàlàyé èyí fún wa ní Òfin, a padà sínú ọkọ̀, a dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ọkọ sọ pé, "Àwọn baba wa fi ilé sílẹ̀, wọn kò fi ara wọn sílẹ̀." Ìyàwó dáhùn pé, "Bàbá wọn, ọmọ wa tí kò pè wá ńkọ́?" Ọkọ kò rí èsì fọ̀.

A lọ sí Sábó, níbi tí àwọn oníṣòwò Hausa ti ń ra obì láti ayérayé, nítorí ilẹ̀ Rẹ́mọ kún fún obì, òkè Ọya ni ó sì ń lọ. Ní July 1999, ìjà burúkú ṣẹlẹ̀ ní ìlú náà láàrin Yorùbá àti Hausa, ẹ̀mí sì ṣòfò. Nígbà tí a rí wọn tí wọ́n jọ ń ka obì, tí wọ́n jọ ń ṣẹ̀fẹ̀, a rántí bàbá onírùngbọ̀n wa ti Ògèrè, a sì gbàdúrà fún un.

Ṣàgámù yìí náà ni fáànù wa ti kú. Ẹni tí ó so wáyà rẹ̀ fún wa kò so ó dáadáa, bátìrì sì jóná. Owó tí a kò rò tẹ́lẹ̀ bá ibẹ̀ lọ. Epo pẹ́tírólù sì ti lé ní N500 lítà kan láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo kúrò ní 2023, nítorí náà ńṣe ni a ń ṣírò gbogbo ìrìn wa kí a tó ṣáná sí ọkọ̀.

ÌKẸ́NNẸ́

Láti Ṣàgámù dé Ìkẹ́nnẹ́ kò jìnnà. Ta ni yóò dé Ìkẹ́nnẹ́ tí kò ní dé ilé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀? Wọ́n bí i ní ìlú náà ní March 6, 1909. Bàbá rẹ̀ kú ní 1920, ìyà sì jẹ ọmọ náà: ó bá ènìyàn ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, ó ṣa igi tà kí ó tó rí ilé ìwé lọ. Ó rìn, ó rìn, ó dé ibi gíga, ṣùgbọ́n Ìkẹ́nnẹ́ ni ó padà sí. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní May 9, 1987, ibẹ̀ náà ni ibojì rẹ̀ wà. Ìyàwó rẹ̀, Hannah Ìdòwú Dìdéolú, gbé lẹ́yìn rẹ̀ fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Ó kú ní September 2015 nígbà tí ó ku oṣù méjì péré kí ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìyàwó nínú wa dúró síbẹ̀ pẹ́. Ó ní ohun tí òun ń rò ni gbogbo ọdún tí ọkọ wà ní ẹ̀wọ̀n láti 1963 sí 1966, tí obìnrin náà ń di ilé mú. Ilé tí ó dì mú yẹn kì í ṣe ti búlọ́ọ̀kù nìkan.

A tún lọ wo ilé ẹ̀kọ́ Mayflower láti òde, èyí tí Tai Solarin àti ìyàwó rẹ̀ Sheila dá sílẹ̀ ní January 1956. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé Tai Solarin kò gba Ọlọ́run gbọ́, a kò sì ní ṣe bí ẹni pé a kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ó kọ́ àwọn ọmọ láti fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́, kí wọ́n gbin ohun tí wọn yóò jẹ, ọ̀pọ̀ òbí onígbàgbọ́ ni ó sì fi ọmọ ránṣẹ́ sí i. Ẹ sì wo orúkọ tí ó fún ilé ẹ̀kọ́ náà: Mayflower ni ọkọ̀ ojú omi tí ó kó àwọn onísìn láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Amẹ́ríkà ní 1620, àwọn tí wọ́n fi ilé wọn sílẹ̀ nítorí ìgbàgbọ́ wọn. Ó dà bí ẹni pé gbogbo ibi tí a bá yà sí ní Rẹ́mọ ni ọ̀rọ̀ yìí ń pàdé wa.

ÌJÀ WA NÍ ÌLÍSÀN

Ẹ má ṣe rò pé adùn nìkan ni. Ní Ìlísàn, ìlú tí Yunifásítì Babcock wà, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1959 pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ méje péré, ibẹ̀ ni a ti bá ara wa jà. Omi tán nínú kẹ́ẹ̀gì. Ọkọ fẹ́ kí a máa lọ sí Ìpẹru kí oòrùn tó mú. Ìyàwó fẹ́ wẹ̀. Ọ̀rọ̀ omi di ọ̀rọ̀ bátìrì, ọ̀rọ̀ bátìrì di ọ̀rọ̀ ilé. Ìyàwó sọ ohun tí ó ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti Ògèrè: "Mo fẹ́ ilẹ̀kùn tí mo lè tì mọ́ ara mi. Mo fẹ́ ibi tí mo lè bínú sí!" Nínú ilé yàrá méje, bí ẹ bá jà, olúkúlùkù a gba yàrá rẹ̀ lọ. Nínú bọ́ọ̀sì, níbo ni ẹ ó gbà?

Wákàtí mẹ́ta ni a fi jókòó lábẹ́ igi kan náà láìsọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ọkọ dìde, ó lọ pọn omi wá, ó ta kọ́tìnì, ó sì ní, "Ìyá àwọn ọmọ, ẹ má bínú. Ìrìn tí mo fẹ́ ni mo ń rìn, n kò bi yín." Ìyàwó ní ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni ọmọ wa sọ. Àwa méjèèjì sì wo ara wa. Òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Láti ọjọ́ yẹn, ìyàwó ni ó ń yan ibi tí a ó sùn. A kì í sì í kúrò níbì kan kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni ọkọ tẹ ọmọ wa láago. Kò gbé e. Ó kọ̀wé sí i lórí fóònù pé: "Ọmọ mi, ó yẹ kí a bi ọ́. A kò ṣe dáadáa. A ń lọ sí Ìsarà." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

ÌSARÀ

Ìsarà ni ìlú bàbá ọkọ. Ìlú kan náà ni bàbá Wọlé Ṣóyínká ti wá, ìwé tí ó kọ nípa bàbá rẹ̀ ní 1989 sì ń jẹ́ orúkọ ìlú náà. Àbúrò bàbá ọkọ, ìyá arúgbó tí ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ṣì wà láàyè níbẹ̀. Ọkọ dọ̀bálẹ̀, ìyàwó kúnlẹ̀. Ìyá ní kí a ran òun lọ́wọ́ wọ inú ọkọ̀ náà. Ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fọwọ́ kan pákó, ó yọ ojú wo sítóòfù. A ti ra ewùrà, ìyàwó sì se ìkọ́kọrẹ́ níbẹ̀ lójú rẹ̀. Ìyá jẹ ẹ́ tán, ó ní, "Ìyàwó wa, ó dùn. Ẹni tí ó ta ilé kò ta ìran. Ṣùgbọ́n níbo ni àwọn ọmọ yín yóò máa bọ̀ lọ́dún Kérésìmesì?"

Nínú gbogbo ìbéèrè tí wọ́n ti bi wá, èyí nìkan ni a kò lè dáhùn.

Ní Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, mọ́tò kan dúró níwájú ilé. Ọmọ wa ni, pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ àti ọmọ méjì. Ó kúnlẹ̀ kí wa, kò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ọmọ wa ti fò wọ inú bọ́ọ̀sì, èyí kékeré sì ń bèèrè pé, "Màmá àgbà, pálọ̀ ńkọ́?" Kí a tó fèsì, ìyá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ẹkún sì gbà á lẹ́yìn ẹ̀rín náà. Ìyàwó nínú wa dì í mú.

Ó sùn mọ́jú. Ní òwúrọ̀ ó ní, "N kò tíì fara mọ́ ọn o. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ara Dádì ti le, ẹ̀yin méjèèjì sì ń bá ara yín sọ̀rọ̀ ju bí ẹ ti ń ṣe ní Kétu lọ. Ilé tí ẹ fẹ́ kọ́ sí Ṣàgámù yẹn, ẹ má ṣe jẹ́ kó jẹ́ yàrá méjì. Ẹ fi pálọ̀ ńlá sí i. Èmi àti àwọn àbúrò mi yóò dá owó pálọ̀ náà." A dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa. Ìyá arúgbó náà ní òun ti gbọ́ ìdáhùn òun.

ÌMỌ̀RÀN FÚN TỌKỌTAYA

Ẹ̀yin tọkọtaya tí ẹ bá ń rò ó, ìwọ̀nba ohun tí a ti kọ́ nìyí.

Ẹ má ta ilé láìbi àwọn ọmọ yín, ẹ má sì ná gbogbo owó rẹ̀. Ẹ fi ibi tí ẹ ó padà sí pamọ́.

Ẹ má dáná nínú ọkọ̀ tí a tì pa, ẹ má sì fi ẹ́ńjìnnì tàbí jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀ kí ẹ sùn. Èéfín rẹ̀ a máa pa ènìyàn lójú oorun. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ yín kí ẹ tó ṣáná.

Ẹ má sùn sí etí títì. Ẹ tọrọ àyè nínú ọgbà tí ó ní olùṣọ́, kí ẹ sì sọ fún ẹnìkan lójoojúmọ́ ibi tí ẹ ó sùn.

Ẹ jẹ́ kí ìwé ọkọ̀ yín pé. Ọlọ́pàá kan bi wá pé, "Ilé ni àbí ọkọ̀?" A ní méjèèjì ni, a fi ìwé hàn án, ó sì ní kí a máa lọ ní àlàáfíà.

Ẹ máa bi ara yín léèrè kí ẹ tó gbéra. Èyí ṣe pàtàkì ju táyà lọ.

Ábúráhámù gbé inú àgọ́, ó sì jẹ́ ọ̀rẹ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n Sárà náà wà nínú àgọ́ yẹn, àwọn àlejò sì rí oúnjẹ jẹ níbẹ̀. Nígbà tí ẹ ó bá fi ka èyí, ó lè jẹ́ pé Ìpara tàbí Òde Rẹ́mọ ni a wà. Bí ẹ bá rí bọ́ọ̀sì kan tí kọ́tìnì wà lójú fèrèsé rẹ̀, ẹ kan ilẹ̀kùn. Ìkọ́kọrẹ́ kì í tán nílé wa. Kí Olúwa bùkún ilé yín, ìyówù kí ó jẹ́, ti búlọ́ọ̀kù tàbí ti táyà. Àmín.